Ọmọ màlúù Bàbá mi kú láàárọ̀ yìí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú mi ṣì wú fún ẹkún. Ọmọ màlúù tí Bàbá mi ń fi yangàn fún gbogbo àdúgbò ti kú.

Lánàá ló ń tọ pọ́nún-pọ́nún kiri àgbàlá wa ní Alafiarou, tó ń mu ọmú bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ikùn rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà. Kí dókítà ẹranko tó gun alùpùpù dé, ó ti kú.

Bàbá bi dókítà náà pé, "Ṣé wàrà ìyá rẹ̀ ló pa á ni?"

"Rárá, Tonton," ni dókítà fi dáhùn, bí a ṣe ń pe àgbàlagbà níbí. "Kòkòrò kan nínú ìfun rẹ̀ ló tú májèlé sí i lára. Ká ní a gún ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó lóyún ni, wàrà rẹ̀ ì bá dáàbò bo ọmọ, bóyá ì bá yè."

Bàbá ní, "Wallahi, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

A sin ín sí ẹ̀yìn oko kajú. Títí di báyìí ni ìyá rẹ̀ ń ké, tí wàrà ń kán lọ́mú rẹ̀. Bàbá jókòó tì í, kò jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin màlúù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún Bàbá mi?