Ife Hàntú Tó Dá Àyẹ̀wò Ọpọlọ Bàbá Mi Dúró

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà nípa bàbá mi tí mi ò tíì sọ fún yín. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ lónìí. Ẹ má bínú tó bá dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mò ń sọ. Bó ṣe rí lára mi nìyẹn. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Ara mi kàn kú.

Àáfáà ni bàbá mi. Ilé kéwú wọn wà lẹ́yìn ọjà Ìpáta níbí ní Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ kéwú, a ní àgbà ló dé. Nígbà tí wọ́n kírun Àlàásárì tán, tí wọ́n tún dìde láti kí Àlàásárì kan náà, a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà wa ní nǹkan méjì ló ṣeé ṣe. Ó lè jẹ́ ìbànújẹ́ ló wọ̀ wọ́n lára, torí ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ní oògùn, ọpọlọ wọn sì lè padà bọ̀ sípò. Ó sì lè jẹ́ àrùn ìgbàgbé, èyí tí kì í padà sẹ́yìn. Ó ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní PET scan ní Èkó, ká lè mọ èyí tó jẹ́.

Kí ni mò ń gbàdúrà fún? Ìbànújẹ́! Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ìbànújẹ́ ló ń ṣe bàbá òun rí?

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí. Ṣúgà ni ọpọlọ ń jẹ. Wọ́n á gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tó jọ ṣúgà, ẹ̀rọ á wá wo ibi tí ọpọlọ ti ń jẹ ẹ́ àti ibi tí kò ti jẹ ẹ́ mọ́. Nítorí náà, aláìsàn ò gbọ́dọ̀ jẹun kó tó wá. Omi nìkan ni kó mu. Tí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọpọlọ ò ní gba ti abẹ́rẹ́ dáadáa.

A sùn sílé àbúrò ìyá mi ní Èkó. Láàárọ̀, ìyá mi gbé ife kan fún bàbá. Mo rí i o! Hàntú ni. Àwọn ọmọ kéwú ló kọ Kùránì sí pátákó wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n sì rọ omi náà sínú ike fún wa ká tó kúrò nílé. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ta ló máa pe hàntú ní oúnjẹ? Omi àdúrà ni! Bàbá mu ún, a ṣàmín, a wọ mọ́tò.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún bàbá níka, ó wo ẹ̀rọ, ó tún gún ìka mìíràn. Ṣúgà ti ga jù. Ó bi wá pé kí ni wọ́n jẹ.

"Wàllàhí, àáfáà ò fẹnu kan nǹkan kan," ìyá mi ní. "Omi ni wọ́n mu."

Èmi náà búra. Àfi bàbá tó dá nọ́ọ̀sì lóhùn.

"Hàntú ni mo mu. Oyin pọ̀ nínú ẹ̀. Ó dùn."

Èèyàn tí ò rántí ilé tá a sùn! Ìyá mi ló po oyin náà mọ́ ọn, kó má baà korò lẹ́nu ọkọ wọn. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ò bínú. Ó ní oògùn abẹ́rẹ́ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, agbára ẹ̀ ń lọ ní wákàtí sí wákàtí, torí náà ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó yẹ kí inú bí mi. Ó yẹ kí n pariwo mọ́ ìyá mi. Mo kàn ń wo fáànù tó ń yí lókè.

A padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, omi lásán ni bàbá mu. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n ní kí bàbá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú yàrá kan, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá. Ètè bàbá ṣì ń mì. Kùránì ni wọ́n ń ké lábẹ́nu! Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n títí.

Nígbà tó yá, dókítà ṣí àwòrán ọpọlọ tí ẹ̀rọ yà lórí kọ̀ǹpútà. Ibi tó ń jẹ ṣúgà pupa fòò. Ṣùgbọ́n lókè etí méjèèjì, níbi tó yẹ kó mọ́lẹ̀, ó ti ṣú. Dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé kì í ṣe ìbànújẹ́. Àrùn ìgbàgbé ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni tó ra búrẹ́dì. Ìyá mi ń sunkún, èmi ò rí omi ojú kankan.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀? Tí wọ́n bá ní omi nìkan ni kí aláìsàn yín mu, ẹ bi wọ́n pé irú omi wo. Ẹ sọ ohun tó wà nínú ike yín fún wọn, ì báà jẹ́ omi àdúrà. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ sílé, bàbá fọwọ́ kàn mí léjìká nínú mọ́tò. Wọ́n rọra bi mí, bí wọ́n ṣe máa ń bá àlejò sọ̀rọ̀, pé ṣé a ti sọ fún Rísíkátù.

Èmi ni Rísíkátù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un o," wọ́n ní. "Ọmọ yẹn ò lè gba irú ìròyìn báyìí."

Mo ní, "A ò ní sọ fún un, Bàbá."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ́jú òbí tí kò dá yín mọ̀ mọ́, kí lẹ máa ń dá wọn lóhùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ẹ má kàn ṣàdúrà fún mi kẹ́ ẹ kọjá lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ sọ.