Ẹ̀wù Bàbá Kékeré

Tí òórùn koríko jíjó bá wọlé nígbà ọyẹ́, mo máa ń ti fèrèsé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀sán ọyẹ́ kan báyìí ni iná igbó dé oko wa lẹ́bàá Ẹdẹ. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ń fi ewé ọ̀pẹ tútù lu iná náà nínú èéfín, láàárín ẹ̀gẹ́ wa. Bàbá mi fẹ́ sun ẹ̀gẹ́ náà kí iná náà má baà rí nǹkan jó dé ahéré.

“Ṣé Bàbá Kékeré ti jáde?” ni wọ́n bi mí.

Mo rí ẹ̀wù Bàbá Kékeré lórí òrùlé ahéré, mo rò pé wọ́n ti padà dé. Mo ní, “Wọ́n ti jáde, sà.”

Bàbá mi ṣáná sí ẹ̀gẹ́. Inú mi dùn pé wọ́n gbà mí gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀wù yẹn ni wọ́n fi bo òkú Bàbá Kékeré.

Títí bàbá mi fi kú, wọ́n ń sọ pé àwọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.