Báírò Pupa Lórí Ètò Ìṣúná

Òórùn dòdò Ìkirè, èyí tí ata àti epo pupa ti mu dáadáa, ló máa ń mú ọ̀rọ̀ yìí padà wá sí mi lọ́kàn. Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ra èyí tí wọ́n fi ewé pọ́n, tí màá wọ ọkọ̀ lọ sí Àpòmù láti kí ọ̀gá mi àtijọ́. Àwọn ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Ìrìn náà kò jìnnà, dòdò kì í tíì tutù tí màá fi débẹ̀.

Ìṣirò ni mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá ń ka ètò ìṣúná ìjọba lórí rédíò, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń tòògbé, èmi á jókòó tì í pẹ̀lú ìwé eksasáìsì àti báírò pupa. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lójú olùkọ́, ohun tí ìjọba bá ti kọ sílẹ̀ ti di ṣíṣe nìyẹn. Bí síkíìmù ilé ẹ̀kọ́ ṣe rí náà nìyẹn: iṣẹ́ tó bá wà nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kí táàmù tó parí, torí alábẹ̀wò ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò. Mo rò pé ètò ìṣúná náà ní alábẹ̀wò tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kà á lọ́dún yẹn pé owó ti wà fún àjẹmọ́nú àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ìyẹn owó ńlá tó yẹ kí wọ́n ti san fún wa látọjọ́ tí a ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi báírò pupa máàkì í pé ó tọ̀nà. Inú mi dùn bí ẹni pé owó ti wọ àpò mi.

Àsìkò yẹn gan-an ni àìsàn ń bá ojú Ọ̀gá jà. Ti ọ̀tún ti lọ. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Ìbàdàn sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn náà ń jẹ ojú, pé ohun tó bá ti jẹ kì í padà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ti òsì yóò ṣẹ́kù. Owó iṣẹ́ abẹ náà wà. Ọ̀gá ti fi sùúrù kó o jọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́. Àmọ́ atẹ́gùn ti ṣí ìdajì òrùlé wọn, òjò sì ń bọ̀ lọ́nà.

"Tíṣà," Ọ̀gá ní, "èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?"

Mo ṣí ìwé mi, mo fi máàkì pupa hàn wọ́n. "Ẹ kan òrùlé yín, sà. Owó ojú yín ti wà nínú ètò ìṣúná."

Màmá, ìyàwó wọn, ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n rọra sọ pé ẹni tó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn pé òkú ló ń fi ogún sílẹ̀, pé owó iṣẹ́ alààyè lèyí. Màmá tún tẹjú mọ́ ẹ̀gúsí wọn. Mo rò pé wọ́n ti gbà ni.

Ọ̀gá kan òrùlé. Òjò dé, omi kò kán sílé, a sì ń retí owó. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n pè wá sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ pé ká wá fi ara hàn pé a ò tíì kú. A tò sórí ìlà, mo di Ọ̀gá lọ́wọ́ mú. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kúnlẹ̀ kí wọn. Ó ní, "Bàbá, ó wà nínú ètò ìṣúná lóòótọ́, àmọ́ wọn ò tíì tú u sílẹ̀." Ó sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Ká ní ó fojú di wá ni, ǹ bá rí ẹni bá jà.

Mo lọ kó owó tí mo tọ́jú sí báńkì. Kọ́bọ̀ kan kò dín níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ti wọ́n, kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ abẹ náà mọ́. Àwa, àwọn ọmọ Ọ̀gá àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn dáwó jọ títí ó fi pé. Ọjọ́ tó pé la gba Ìbàdàn lọ. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sójú náà, ó wò ó títí, ó pa tọ́ọ̀ṣì, ó sì ní ká jókòó. Kó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀.

Olùkọ́ kì í máàkì iṣẹ́ tí ọmọ kò tíì ṣe. Èmi tí mo ti na ọmọ nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máàkì òfìfo.

Mo ṣì ń lọ sí Àpòmù. Òórùn dòdò ni Ọ̀gá fi ń dá mi mọ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn. Wọn ò bá mi wí rí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí n ka ètò ìṣúná fún àwọn nínú ìwé ìròyìn. Mo kà á títí mo fi kan ibi tiwa.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ṣé o ti máàkì í?"

Mo ní rárá. Ọ̀gá wá mi orí wọn, wọ́n ń jẹ dòdò wọn lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù, gbogbo ilé ń dún. Wọ́n gbé ojú sókè sí òrùlé tí wọn ò lè rí mọ́, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

"Kò jò," Ọ̀gá ní.

Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò jò.