Erin Onírun Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ooru ọdún yìí ò ṣe é fẹnu sọ. Lánàá, bí wọ́n ṣe mú iná lọ tí fáànù dákẹ́, ọmọ-ọmọ mi na ara sórí sìmẹ́ńtì nínú pálọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀ níbí, ó ṣí ìwé aláwòrán kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kèékèé. Mo bẹjú wò ó. Ẹranko ayé àtijọ́ kan ni, ó tóbi bí ilé, ó ń fẹ́ ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú garawa omi kan ṣoṣo. Ẹ̀rín pa èmi náà, ni mo bá rántí Rábì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Rábì. Ọ̀rẹ́ mi ni, ilé wọn ló tẹ̀lé tiwa láàárín ìlú, nítòsí mọ́ṣáláṣí. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó sí pẹ̀lú abẹ, ọṣẹ àti abọ́ omi rẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn ìyá wa á kó wa lọ bá a, tọkùnrin tobìnrin, kó fá orí wa kodoro, torí wọ́n ní irun ló ń mú ooru mọ́ni lára. Ẹ ò lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dùn tó lórí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá!

Lọ́dún kan, bàbá Rábì pinnu pé ọmọ òun máa fi ilé-ìwé sílẹ̀, á lọ bá àǹtí rẹ̀ ní Ìfọ́n, kó máa bá a ta iṣu. "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ yín níbẹ̀ gan-an?" Ohun tó ń sọ ṣáá nìyẹn. Rábì ò lè jẹun. Èmi náà sunkún títí, torí ta ni mo fẹ́ máa bá rìn?

Ìwé aláwòrán kan wà lọ́wọ́ tíṣà wa, à ń gbà á mú relé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tí Rábì fẹ́ lọ gan-an ló kàn án. Àwọn ẹranko tí kò sí láyé mọ́ ló wà nínú rẹ̀, oòrùn sì ń fojú wọn rí màbo. Èyí tó jọ alángbá, tó ga ju ọ̀pẹ lọ, ń sá sábẹ́ ewé kan péré. Erin onírun ń fi etí ara rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Rábì gbé ìwé náà lọ síwájú bàbá rẹ̀, ó ń ka òyìnbó inú rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ọ̀wọ̀. Èmi ni bàbá ń fá lórí lọ́wọ́. Nígbà tó kan erin, abẹ dúró.

"Gbogbo irun yìí, nínú ooru yìí? Ṣé kò ní ìyá ni?"

"Ó ní ìyá, Bàbá. Ìyá ẹ̀ nìyí. Òun náà nírun."

"Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́! Ọ̀lẹ ìyá! Kí wọ́n kó wọn wá bá mi níbí!"

Ó sún mọ́ ìwé náà. Apá kan orí mi ti ń dán, apá kejì ṣì dúdú, kò rántí mi mọ́. "Wọ́n wá fá irun ẹ̀ àbí wọn ò fá a?"

Rábì fi ìka tọ́ ìlà tó kàn. "A ò tíì kọ́ ọ̀rọ̀ tó kù, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tíṣà máa kọ́ wa."

Bàbá wo ìwé, ó wo ọmọ.

"Lọ kọ́ ọ wá. Àǹtí ẹ á wá ẹlòmíì."

Ayọ̀ gbé mi fò sókè, díẹ̀ ló kù kí abẹ gé mi létí.

Wọ́n ti gé máńgòrò náà, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹnikẹ́ni ò fá orí ọmọbìnrin mọ́ nítorí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dán an wò, kí ẹ gbọ́ igbe! Rábì pàpà lọ sí Ìfọ́n nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tíṣà ló lọ ṣe. Tó bá wálé, bàbá rẹ̀ á ní kó ka ìwé fún òun, á sì máa bá ìwé jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn méjèèjì ti dolóògbé báyìí. Àárò Rábì ń sọ mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà tó fún ọmọ-ọmọ mi ní ìwé yẹn, mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Rábì ló dárúkọ.