Ẹ̀gbọ́n Mi Gun Ọ̀pẹ

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní abúlé wa lẹ́yìn Komu, ẹmu dídá ni iṣẹ́ ilé wa. Bàbá bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá mi sì ti gba igbà, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara rọ èèyàn ni. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ó dùn bí oyin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń kan.

Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ bàbá mi rọ́ lọ́nà oko, kò lè fi tẹlẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣègbéyàwó ní Komu ń retí ẹmu wa lọ́jọ́ náà gan-an, akèǹgbè sì ti kún lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi jókòó, ó dùbúlẹ̀, ó tún jókòó. Ìyá mi ń gbá ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Kò sí ọmọkùnrin nílé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, mú igbà lára ògiri.

“Gbé e sílẹ̀,” ni bàbá mi wí. “Obìnrin kì í gun ọ̀pẹ nílé wa.”

“Bàbá, ta wá ni ẹ fẹ́ kó gùn ún?”

Ẹ̀gbọ́n mi jáde, èmi àti ìyá mi sì tẹ̀ lé e.

Ó gùn ún dé ìdajì, ni igbà bá yọ̀. Ó gbá igi mọ́ra. Kò lè lọ sókè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi, tí kò lè rìn, fi ìdí wọ́ dé abẹ́ ọ̀pẹ.

“Má wo ilẹ̀,” ó wí jẹ́jẹ́. “Fi ẹ̀yìn ti igbà. Tì í sókè díẹ̀ kí o tó gbé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Tún un ṣe.”

Ohùn yẹn ló gbé e dókè, òun náà ló mú un sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé akèǹgbè fún bàbá mi. Bàbá tọ́ ẹmu náà wò.

“Ó dára. Tètè jí lọ́la.”

Ẹmu dé Komu kó tó kan, ṣùgbọ́n ìròyìn náà bá a débẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sọ pé àwọn ò fẹ́ ìyàwó tó ń gun igi bí ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún gidi, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ará Ìgànná kan tó máa ń wá ra ẹmu lọ́wọ́ rẹ̀ ló padà fẹ́ ẹ.

Lónìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń dá ẹmu náà. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike, wọ́n ń kó o sí fíríìjì, ọ̀kadà sì ń gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọbìnrin wà lára àwọn tó ń gun ọ̀pẹ, kò sì sí ẹni tó ń dúró wò wọ́n. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kí wọn, tí ọ̀kan bá wà lókè, n kì í lè jókòó.

“Ìyá, ẹ sinmi,” ni wọ́n máa ń wí.

Ayé ti yí, ó sì yẹ kó yí. Àyà mi ni kò tíì gbọ́.