Pápá Ọ̀nà Àpòmù

Ẹ̀yìn ìlú Ìkirè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àpòmù, ni pápá náà wà. Ìdílé kan ló yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí bàbá wa ṣì lágbára. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n hú kùkùté, wọ́n ri òpó gòólì mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń ṣọ́ gòólì fún Ìkirè. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pàdé Àpòmù, ìyá wa kì í lè jẹun. Níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti fò mú bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, ẹnì kan já lu orúnkún rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò lè sáré mọ́.

Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, àmọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, pápá lẹ máa bá a. Ó ń gé koríko, ó ń fi eérú fa ìlà, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ìyàwó rẹ̀ a máa ṣàwàdà pé pápá ni ìyáálé òun.

Nígbà tí olórí ẹbí tó nilẹ̀ kú, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tó ń wọn pápá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ bá àrólé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn bàbá yín ló fún wa.”

Ọkùnrin náà ò bínú. “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti pọ̀ jù nílé wa, kálukú ń bèèrè ìpín tirẹ̀. Apá mi ò ká wọn.”

Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́. A ti dójú ọ̀nà kó tó ní, “Ì bá tilẹ̀ sàn kó bú mi.”

Àárọ̀ tí katapílà dé, ẹnu gòólì ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́: “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.” Ó dìde. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ hú àwọn òpó náà. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ ohun tó lè fi ìrọ̀lẹ́ ṣe mọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Nígbà tí ara rẹ̀ ò yá, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó kú.

Àwọn tó bá a ṣeré láyé ọjọ́un fẹ́ fi bọ́ọ̀lù dágbére fún un, ṣùgbọ́n a ò rí ibi tí a ó ti gbá a ní Ìkirè. Pápá ilé ìwé kan ní Àpòmù la lọ. Àwọn àgbàlagbà tó ti níkùn ń sáré, èémí ń gbé wọn. Òjò dé, kò sẹ́ni tó kúrò. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, ó ń sunkún, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.