Tírà Tó Wà Lẹ́yìn Ọrùn Ọmọ Mi

Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo ìlú wa Kambolé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ni mo panu mọ́.

Ó ti tó oṣù kan tí ọmọ mi obìnrin, tí kò tíì pé ọdún méjì, ti ń mí bí ẹni ń súfèé. A ní òtútù ni. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn Tchamba, nọ́ọ̀sì ní ká máa gbé e lọ sí Sokodé kíá, kí wọ́n fi rádíò, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara, wo ọ̀fun rẹ̀. Ó ní fọ́tò lásán ni, abẹ kò kàn án. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ní Sokodé, obìnrin tó ń ya fọ́tò ní kí n yọ gbogbo ohun tó wà lọ́rùn ọmọ. Mo yọ ìlẹ̀kẹ̀. Tírà ńkọ́? Ìyá ọkọ mi ló so ó mọ́ ọn lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí a ó fi já a lẹ́nu ọmú. Páànù pélébé ni àlùfáà wa fi ń wé ìwé inú rẹ̀ kó tó fi awọ bò ó, kí òógùn má bàa bà á jẹ́. Mo yí i sẹ́yìn ọrùn, mo fi aṣọ bò ó. Ta ni yóò rí i? Ọlọ́gbọ́n èmi!

Dókítà gbé fọ́tò sókè, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ọmọ yìí ti gbé nǹkan mì, ó sì há sí ọ̀nà èémí. A máa fún un lóògùn oorun, ká fi irin fà á jáde." Ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n ṣe é. Mo wo ohun funfun inú fọ́tò náà: onígun mẹ́rin gbáko. Yéè, mo gbé! Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀rù ọkọ mi bà mí, n kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi ni mo ké pé, "Dókítà, ẹ dákun, ẹ dúró! Ẹ̀yìn ọrùn ló wà, kò sí nínú ọ̀fun!" Mo já tírà náà.

Wọ́n tún fọ́tò yà. Ibi tí tírà bò tẹ́lẹ̀ wá hàn: kókó kan ló ń fún ọ̀nà èémí ọmọ mi mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó ti tín-ín-rín. Dókítà sọ pé Lomé ni wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀, ká má jókòó mọ́. Kò bú mi. Ó kàn bi mí bóyá mo mọ ohun tí irin ìbá ti ṣe nínú ọ̀fun tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Lomé, ọkọ mi gbé ọmọ lé àyà ara rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo na ọwọ́ láti gbà á. Kò gbé e fún mi.